Jẹ̀díjẹ̀dí Kọ́ Ló Pa Waris

Tẹniọlá lorúkọ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé mi dé Ìlọrin, iwájú ilé kan ní Ṣàngó ni mo sì gbé máṣíìnì mi sí. Kò sí ohun tó wọ ilé yẹn tàbí tó jáde níbẹ̀ tí ojú mi kò tó. Onígbàgbọ́ ni mí. Wọ́n máa ń wàásù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ká dárí ji ọ̀tá, mo sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n ò ní dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ fẹjọ́ mi sun pásítọ̀.

Ọ̀rọ̀ Rokibat ni, aládùúgbò mi, tí à ń pè ní Ìyá Waris. Ọmọ Ìlọrin pọ́nńbélé ni. Lẹ́bàá Ọjà-Ọba ni bàbá ẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú kó tó kú. Ọkọ ẹ̀ náà ti kú. Oyún bàjẹ́ lára obìnrin yìí títí tí àánú ẹ̀ fi ń ṣe àwọn tó kórìíra ẹ̀ pàápàá, kó tó wá bí Abdulwaris. Òun nìkan ló bí. Ọmọ náà dúdú, ó lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà, kò sì sí ìgbà tó kọjá níwájú máṣíìnì mi tí kò ní fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà wò. Mo máa ń fi okùn ìwọ̀n lé e. Á rẹ́rìn-ín, á tún padà wá.

Kúnú ni Rokibat ń tà. Jéró ló fi ń ṣe é, pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti ànàmọ́ díẹ̀. Mo ti mu kúnú káàkiri, n ò rí irú ẹ̀. Obìnrin yìí kì í fi omi tútù lásán po kúnú. Á kọ́kọ́ sè é kó hó, á jẹ́ kó tutù, á wá rọ ọ́ sínú àmù tó ní ìdérí. Ọmọ tó bá ki ọwọ́ bọ àmù yẹn, ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ á gbọ́ ọ. Èmi a máa fi í ṣẹ̀sín pé, "Ìyá Waris, omi lò ń sè bí ọbẹ̀ yìí? Ṣé o ò ní fi irú sí i?" Á ní, "Ìyá Martha, mu tìẹ, kó o dákẹ́." Martha lorúkọ ọmọ mi. Kúnú yẹn la fi tọ́ ọ.

Alhaja Husseinat ló ni ilé tí à ń gbé, òun náà sì ń gbé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n pè é ní Alhaja báyìí ná, orúkọ tó yẹ ẹ́ ń bọ̀ níwájú. Àwo ìyàwó ló ń tà ní Táíwò Road, àwọn abọ́ onítánganran ńláńlá tí wọ́n máa ń tò jọ fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ. Ó ti dé Mẹ́kà. Ọwọ́ ẹ̀ kò há, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú ayé ló ń ṣe. Ohun tí ará ìta bá máa sọ ló kọ́kọ́ ń rò kó tó ro ohun tí Ọlọ́run máa sọ.

Ọdún 1991 ni onígbáméjì jà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ̀ ń pè é ní kọ́lẹ́rà. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ ní onígbáméjì, torí ẹni tó bá ń ṣe, igbá méjì ni wọn á gbé tì í, ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Rédíò ń pariwo ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n ní kí oníkálùkù se omi tó bá fẹ́ mu. Wọ́n ní ká má ṣe fọ aṣọ aláìsàn lẹ́bàá kànga. Wọ́n ní ilé tó bá ti ní aláìsàn, kó yára sọ fún àwọn wolé-wolé, kí wọ́n wá da oògùn sínú kànga kó tó ran gbogbo àdúgbò. Alhaja ní rédíò. Rédíò ẹ̀ ló dún jù ní gbogbo òpópónà wa.

Ó wá ṣe, Alhaja ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Àúdù, tó ń wa tírélà lọ sí Kánò. Lọ́sẹ̀ tí Àúdù ti Kánò dé pẹ̀lú inú rírun, èmi ò sí nílé. Bàbá mi ló kú, mo ti lọ sin ín l'Ógbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, ẹnu Rokibat ni mo ti gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n ò sì ṣiyèméjì nínú ẹ̀ rí.

Rokibat ní òun lọ pọnmi láàárọ̀, lòun bá bá Alhaja fúnra ẹ̀ lẹ́bàá kànga, tó ń fọ aṣọ. Ọlọ́mọ-ọ̀dọ̀ ni Alhaja o, kò fọ ìnusẹ̀ rí. Ètè kànga ilé wa kò ga, omi tó bá dà sílẹ̀ níbẹ̀, inú kànga ló ń padà sí. Rokibat wo aṣọ yẹn, ó rí i pé ohun tó wà lára ẹ̀ funfun bí omi ìrẹsì.

Ó ní, "Alhaja, ẹ kúuṣẹ́ o. Kí ló ń ṣe Àúdù?"

Alhaja ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé o mọ àwọn awakọ̀, búrẹ́dì àti ṣúgà ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà."

"Alhaja, ẹ má bínú o. Ìgbẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí kì í rí báyìí. Ẹ jẹ́ ká ké sí àwọn wolé-wolé kí wọ́n wá wò ó."

Alhaja bá dìde dúró. Ó ní, "Rokibat, ọ̀sẹ̀ yìí ni nìkáhù Hidayat ọmọ mi, o mọ̀. Àwọn àna mi ń bọ̀. O fẹ́ kí wọ́n bá wolé-wolé lẹ́nu ọ̀nà mi? Ta ló máa wá jẹun nílé onígbáméjì? Wàláì tàláì, jẹ̀díjẹ̀dí ni."

Ó ti búra. Ọmọ Ìlọrin tó gbọ́ wàláì lẹ́nu ẹni tó ti dé Mẹ́kà, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Rokibat gbé gúgà ẹ̀, ó fami, ó lọ se omi ẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe.

Ara Àúdù yá. Ni Alhaja bá ní òun máa ṣe sàráà láti dúpẹ́. Fùrá ni wọ́n pò, wọ́n ra nọ́nọ̀, wàrà kíkan, lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, wọ́n fa omi kànga yẹn, wọ́n fi lú u, wọ́n wá pe gbogbo ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n gbé abọ́ wá. Rokibat ń yọ igi tó ń rú èéfín nínú iná nígbà tí Waris sáré wọlé pẹ̀lú abọ́ fùrá, tí nọ́nọ̀ ti kùn ún lẹ́nu. Ó sọ fún mi pé òun na ọwọ́ láti gba abọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n sàráà ni. Ní Ìlọrin, wọn kì í kọ sàráà. Ẹni tó bá kọ sàráà, àdúà ló kọ̀, ẹni tó sì gba sàráà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ tó dà á nù lójú onísàráà, ìjà ìran-dé-ìran ló dá sílẹ̀ yẹn. Wàláì Alhaja ṣì wà létí ẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ kó mu ún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Waris ti bẹ̀rẹ̀. Lókè, nísàlẹ̀. Ojú ẹ̀ wọnú. Àwọ̀ ìka ẹ̀ hunjọ bíi ti ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Omi, omi ló ń ké. Rokibat fẹ́ fún un lómi. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Alhaja Husseinat ṣe. Ó wọlé wá pẹ̀lú ìgò àgbo jẹ̀dí. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, sàráà dídùn ló mu lámujù. Ó ní ẹni tó ń yàgbẹ́ kì í mu omi, omi ló máa tún yà, kí wọ́n máa ro àgbo sí i lẹ́nu, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Àgbà tiwa ló wà lọ́jà yìí, tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ wọ́ orí ọmọ. Kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, Waris ti kú. Ó ń ké omi títí ohùn ẹ̀ fi tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ká ní ibẹ̀ ló sì parí sí, à bá ní àìmọ̀kan ni. Àmọ́ Hidayat, ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, ara ẹ̀ kò gbà á. Ó yọ́ wọ yàrá Rokibat lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ, pẹ̀lú làálì lẹ́sẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ń sunkún. Ó ní nọ́ọ̀sì kan ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá fa omi sí Àúdù lára. Ó ní létí òun báyìí ni nọ́ọ̀sì yẹn ti sọ fún màmá òun pé onígbáméjì ni, kí wọ́n má fi omi kànga yẹn ṣe nǹkankan. Ẹ gbọ́ o! Ó mọ̀! Wọ́n fa omi sí àbúrò tiẹ̀ lára, ó wá sáré gbé àgbo jẹ̀dí fún ọmọ ọlọ́mọ, ó ní kó má mu omi, torí kí orúkọ tó pè é lẹ́bàá kànga má bàa yí padà! Títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa gún mi lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn kú ládùúgbò. Nìkáhù ti parí, àwọn àna ti jẹun lọ, ni àwọn wolé-wolé tó dé. Wọ́n béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja fa ìborùn ẹ̀ bojú, ó nawọ́ sí yàrá Rokibat. Ó ní, "Ẹ lọ wo kúnú tó ń tà. Ọmọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ kú." Orí ẹní ọ̀fọ̀ ni Rokibat wà nígbà tí wọ́n fọ́ àmù ẹ̀, tí wọ́n da jéró ẹ̀ sí gọ́tà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tà mọ́.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a níbẹ̀, kò sunkún. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ìyá Waris mọ́. Àwọn ọmọdé ti ń pè é ní Rokibat Olónígbáméjì, àwọn ìyá wọn ń gbọ́, wọn ò sì bá wọn wí. Èmi bínú, mo ní ká lọ bá wolé-wolé, mo ní ká lọ bá ọlọ́pàá, mo ní kí n lọ fọ́ gbogbo àwo Alhaja ní Táíwò Road. Rokibat ní kí n jókòó.

Ó ní, "Hidayat ò ní lè jẹ́rìí lé ìyá ẹ̀ lórí. Ta ló máa gba èmi gbọ́? Ìyá Martha, n ò fẹ́ owó ẹ̀, n ò fẹ́ ikú ẹ̀. Ẹnu tó fi sọ ọ́, ẹnu yẹn náà ni kó fi kó o. Kó dúró síta gbangba, kó ní jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló pa Waris, kúnú mi kọ́, inú ilé òun ló ti wá. Bí n ò bá gbọ́ ọ kí n tó kú, mo kú gbé."

Mo ní, "Tí kò bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Á sọ ọ́."

Ó wá lọ ń bá àwọn aláṣọ-òkè ká òwú. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà títí ọdún fi yípo. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Alhaja ti ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ti ń kí i ní "Rokibat, ara le?" Lọ́jọ́ tó pé ọdún kan tí Waris kú, Rokibat wọ aṣọ funfun, ó se omi, ó po fùrá, ó lú u pẹ̀lú nọ́nọ̀ tó ti sè, ó bu ú sínú abọ́ tó mọ́, ó ní kí n bá òun ká lọ sí Táíwò Road.

Àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù Alhaja lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá ìyàwó tó ń yan àwo. Rokibat kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní, "Alhaja, ẹ ǹlẹ́ o. Sàráà Abdulwaris rè é. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ gbé e fún."

Ojú Alhaja yí padà. Ṣùgbọ́n sàráà ni, ojú àwọn oníbàárà sì wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbà á. Ó ní, "Ọlọ́run á gbà á láàánú. Á tẹ́ ẹ sí Àlùjánnà."

"Àmín. Ẹ tún bá mi ṣe ọ̀kan sí i, Alhaja. Ẹ ní ẹni tó mọ orúkọ àìsàn tó pa Waris, tó wá fi orúkọ mìíràn pè é, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí oorun sùn."

Obìnrin kan tí kò mọ nǹkankan ní, "Àmín o! Alhaja, ẹ ṣe é fún un, ọmọ dùn ún." Àwọn yòókù ń mi orí. Alhaja kùn nǹkan kan sínú ìborùn.

Rokibat ní, "Wọn ò gbọ́, Alhaja."

Lójú mi báyìí ni Alhaja Husseinat fi ẹnu ara ẹ̀ ṣépè fún ara ẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní àmín. Rokibat ní kó tọ́ ọ wò, ẹni tó gba sàráà á fẹnu kàn án. Ó fẹnu kàn án, fùrá ń dà sí i láyà. Ẹ̀rín pa mí láti Táíwò Road dé Ṣàngó. Rokibat ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Kò tí ì sọ ọ́."

Ọdọọdún ló ń ṣe é. Ó gbé e lọ bá a níbi ìsọmọlórúkọ. Ó gbé e lọ bá a níbi wáàsí, Alfa fúnra ẹ̀ ló ní kí gbogbo jàmáà ṣe àmín. Lọ́dún kan, Alhaja sá lọ sí Kàdúná nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́. Rokibat dúró dè é, ó ní sàráà kì í ṣe ẹran tó máa rà. Lọ́jọ́ tí Alhaja dé, kò tí ì sọ báàgì kalẹ̀ tí abọ́ fi dé iwájú ẹ̀. Alhaja kò lè lé e kúrò nílé. Kí ló fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn? Pé opó kan ń gbé sàráà fún òun? Ó ń rù sí i. Èmi ló ń ránṣọ fún un, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń din aṣọ ẹ̀ kù. Ẹ lè pè mí ní ìkà.

Ọdún 1996 ni onígbáméjì tún yọjú sí ìlú. Rédíò tún ń pariwo ọ̀rọ̀ àtijọ́. Rokibat ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n se omi, pé bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, kí wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n má gbẹ̀mí ọmọ pẹ̀lú àìfún un lómi. Àwọn kan ń gbọ́, àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Olónígbáméjì ti di dókítà.

Hidayat wá kí ìyá ẹ̀ láti Jẹ́bà lọ́sẹ̀ yẹn, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin, Naimat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo rí ọmọ-ọ̀dọ̀ Alhaja tó gbé aṣọ lọ sẹ́bàá kànga. Mo rí Rokibat tó tẹ̀lé e, tó wo aṣọ náà, tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tó gbé e jìnnà sí kànga, tó sì padà sínú yàrá ẹ̀ kíá. Kò pẹ́, Hidayat já jáde pẹ̀lú Naimat léjìká, kò borí, kò wọ bàtà, ó ń ké tákísí. Ìyá ẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgò àgbo lọ́wọ́. Ojú ọmọ yẹn ti wọnú. Mo mọ ojú yẹn. N kò bá Waris nílé, àmọ́ bí wọ́n ṣe ròyìn ẹ̀ fún mi gẹ́lẹ́ ló rí.

Tákísí dúró. Awakọ̀ wo ọmọ náà, ó ní, "Ìyá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

Alhaja ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, jọ̀ọ́ jẹ́ ká máa lọ."

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí pẹ́dà. Rokibat ti jáde. Ó rìn, kò sáré, ó na ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn tákísí yẹn mú, ọwọ́ kejì wà lábẹ́ ìborùn ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ pè é lórúkọ, Alhaja."

Hidayat figbe ta. "Ìyá Waris, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni!"

"Hidayat, n ò bá ẹ jà. Wo àwọn tó ń pọnmi lẹ́bàá kànga yẹn. Ọmọ ta ló fẹ́ mu ún lónìí? Alhaja, ẹ pè é lórúkọ kí wọ́n gbọ́."

Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo dìde, mo ní, "Ìyá Waris, ọmọ ni o." Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó.

Alhaja ní, "Rokibat, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀ ń pẹ́, Alhaja. Ó ń gbẹ."

Orí ọmọ náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan léjìká ìyá ẹ̀. Ìgò àgbo bọ́ lọ́wọ́ Alhaja, ó fọ́. Ó ní, "Onígbáméjì ni."

"Àwọn tó wà lẹ́bàá kànga ò gbọ́."

"Onígbáméjì ni o!" Ó ké e débi pé àwọn ará òdìkejì títì yọ jáde. Gúgà bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan sínú kànga, a gbọ́ ọ bó ṣe dún.

Rokibat ní, "Ti Waris ńkọ́?"

Alhaja ti wà lórí eékún ẹ̀ nílẹ̀ títì, nínú àgbo àti ìgò fífọ́. Ó ní, "Òun náà ni. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló pa Waris. Mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi. Ara Àúdù ló ti wá, èmi ni mo fọ aṣọ ẹ̀ lẹ́bàá kànga. Kúnú ẹ kọ́, Rokibat. Kúnú ẹ kọ́ o! Ẹ̀yin ènìyàn, kúnú ẹ̀ kọ́!"

Rokibat ṣílẹ̀kùn. Ó yọ ọwọ́ kejì lábẹ́ ìborùn, ìgò omi kan ló wà níbẹ̀, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó ti pò ó kó tó jáde wá di ilẹ̀kùn mú. Ó gbé e lé Hidayat lọ́wọ́, ó ní, "Máa fún un díẹ̀díẹ̀, má dúró títí ẹ ó fi dé ọsibítù. Bí ó bá bì í, tún fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó má mu omi, gbá ẹnu onítọ̀hún." Tákísí ṣí. Rokibat kò wo Alhaja tó wà nílẹ̀. Ó lọ sẹ́bàá kànga, ó gbé páànù bò ó, ó ní kí gbogbo ẹni tó ti pọnmi láàárọ̀ lọ dà á nù, òun sì ń lọ pe wolé-wolé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Naimat yè. Kò sí ẹlòmíràn tó kú nílé wa. Àwọn wolé-wolé sì ní kí Rokibat padà máa ta kúnú ẹ̀. Àdúgbò wá sọ Alhaja ní Alhaja Jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì sí bó ṣe ṣe é tí orúkọ yẹn kò tẹ̀lé e dé Táíwò Road. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi ni mo kàn ń sọ ọ́ jù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, Alhaja kó Alfa méjì àti àwọn àgbà àdúgbò lẹ́yìn, wọ́n wá sí yàrá Rokibat. Wọ́n kún orí ẹní, àwọn kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú èyí láàárín àwọn ará Ìlọrin nìyí: bí àgbà bá ti bẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bẹ̀ ọ́ tán. Alfa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní Ọlọ́run fẹ́ràn adáríjini. Ó ní Alhaja ti jẹ́wọ́, ojú sì ti tì í, kí Ìyá Waris wí pé òun ti foríjì í, kí gbogbo wa ṣe fátíhà, kó tán nílẹ̀. Alhaja dorí kodò, ó ń sunkún. Gbogbo ojú wà lára Rokibat.

Rokibat kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Alfa, mo ní ìbéèrè kan. Bí ẹnìkan bá jẹ ẹlòmíràn níyà, ta ló láṣẹ láti foríjì í?"

Alfa ní, "Ẹni tí wọ́n jẹ níyà ni."

Rokibat ní, "Orúkọ mi tí Alhaja bàjẹ́, ó ti tún un ṣe lójú títì. Mo foríjì í. Àmù mi tí wọ́n fọ́, mo foríjì í. Àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń ké omi. Waris ló ń ké omi, Waris ni wọ́n sọ fún pé kó má mu. Ẹ wá Waris lọ. Bó bá ní òun gbà, èmi náà á gbà."

Àwọn Alfa wo ara wọn. Alhaja gbé ojú sókè, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta, Rokibat sì dìde, ó lọ wo jéró kúnú tó rẹ sínú omi fún ọjà ọ̀la.